Bí A Ṣe Ń Dín Owó Iná Tí Ẹ̀rọ Amúlétutù Ń Jẹ Kù

Ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Iṣẹ́ alágbàrù gan-an ló ń ṣe. Ó ń di ooru inú yàrá lẹ́rù, ó ń gbé e gba inú páìpù lọ síta, ó ń dà á síbẹ̀, owó ẹrù kọ̀ọ̀kan tó bá gbé sì wà nínú owó iná tí a ń san. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó náà wálẹ̀ kò ní láti jókòó máa làágùn. Kí ó dín ẹrù kù, kí ó sì mú ohun tó ń dí alágbàrù lọ́nà kúrò. Púpọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ yìí ni kò ní ná yín lówó rárá, àwọn yẹn ni mo sì fi síwájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye iná tó ń jẹ

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa gbogbo ohun ńlá tó ń lo iná, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ojú mítà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ tún un kà. Ìyàtọ̀ àárín nọ́ńbà méjèèjì ni iye yúníìtì tó jẹ. Ẹ kọ ọ́ síbi tí kò ti ní sọnù, pẹ̀lú bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní alẹ́ náà, torí pé ẹ óò padà sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fọ fílítà

Ọdún kan wà tí yàrá mi kì í tutù mọ́ bó ti wù kí n pẹ́ tó nínú rẹ̀. Atúnṣe tí mo pè sọ pé gáàsì inú páìpù rẹ̀ ló tán. Ó rọ ọ́, ó gbowó, kò sì pé oṣù méjì tó tún padà wá sọ ohun kan náà. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ìdérí iwájú ẹ̀rọ náà nígbẹ̀yìn, mo yọ fílítà, mo gbé e sójú fèrèsé, n kò sì rí ìmọ́lẹ̀ kankan gba inú rẹ̀ kọjá. Eruku ti bò ó bí kúbùsù. Atẹ́gùn tó yẹ kó gba ibẹ̀ wọlé kò ráyè, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe wàhálà lásán.

Ẹ pa iná láti ara ògiri, kì í ṣe láti orí rìmóòtù nìkan, kí ẹ tó yọ fílítà. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí omi ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá kí eruku má baà túbọ̀ wọnú ihò rẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi òjìji, torí pé oòrùn lè mú kí ó ká kò. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ náà láìsí fílítà nínú rẹ̀. Níbi tí eruku bá pọ̀ sí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa ṣe é. Níbòmíràn, oṣooṣù ti tó.

Ní ti gáàsì, kì í jó tán bí epo inú fìtílà. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí ká, nítorí náà, bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Atúnṣe tó bá rọ gáàsì láì wá ibi tó ń jò kò tíì tún nǹkan kan ṣe.

Ẹ tún lọ wo apá tó wà níta, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó ewé àti pàǹtírí kúrò lára rẹ̀, ẹ má ṣe sá aṣọ lé e, kí ẹ sì fi àyè tó tó ìdajì mítà, ó kéré tán, sílẹ̀ níwájú ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dí ọ̀nà tí ooru ń gbà wọlé

Oòrùn tó ń gba ojú gíláàsì wọlé ni ẹrù tó wúwo jù nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Aṣọ fèrèsé dára, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣíji bo fèrèsé láti ìta ló ṣiṣẹ́ jù, torí pé nígbà tí oòrùn bá fi máa kan aṣọ, ooru ti wọlé tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ewé bébà kan, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ fà á. Bó bá yọ jáde láìjanpata, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ibẹ̀ sá lọ, ẹ sì lè fi fóòmù tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dí i. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ lè fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá tẹ́ orí àjà, tàbí kó kun òrùlé ní ọ̀dà funfun.

Ooru tún ń ti inú yàrá fúnra rẹ̀ wá. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tí gílóòbù àtijọ́ ń jẹ ló ń di ooru. Ẹni kan tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá ń mú ooru tó tó 100 wáàtì jáde, ìdí nìyí tí yàrá fi ń gbóná nígbà tí àlejò bá kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má ṣe lọ sí 16

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá gbé nọ́ńbà ojú rìmóòtù sí 16 (ìwọ̀n Celsius), yàrá yóò tètè tutù. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú àtijọ́, agbára kan náà ló ń fi ṣiṣẹ́, yálà ẹ gbé e sí 16 tàbí 25. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ ìgbà tí yóò sinmi ni, ní 16, ó sì lè má sinmi rárá. Láti ọdún 2020 ni ìjọba Íńdíà ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tuntun máa wá láti ilé iṣẹ́ lórí 24. Ẹ gbé tiyín sí 25 tàbí 26, kí ẹ sì tan fáànù. Fáànù òkè àjà kì í sábà ju 75 wáàtì lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí 26 rí lára bíi 24. Ara ènìyàn ló ń tù, kì í ṣe yàrá, nítorí náà ẹ pa á bí ẹ bá ti jáde.

Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù náà bí ẹ bá máa pẹ́ níta. Àwọn kan ní ó sàn kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ, n kò fara mọ́ ọn: bí yàrá bá ṣe tutù ju ìta lọ tó ni ooru ṣe ń yára wọlé, ẹ̀rọ náà yóò sì máa gbé e jáde fún yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun

Ẹ jẹ́ kí ó bá yàrá mu. Èyí tó bá tóbi jù yóò mú yàrá tutù wàìwàì, yóò sì dákẹ́ kí ó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán, ara yín yóò wá tutù, yóò sì tún máa lẹ̀. Ẹ wá irú tí wọ́n ń pè ní inverter, torí pé òun máa ń dẹ ìrìn rẹ̀ bí yàrá bá ti tutù, dípò kí ó máa kú kí ó máa jí. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú páìpù kan ṣoṣo sójú fèrèsé: afẹ́fẹ́ inú yàrá ló fi ń gbé ooru jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gba gbogbo ihò ilé wọlé láti dípò rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye yúníìtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pé yóò jẹ lọ́dún. Ẹ fi owó yúníìtì kan níbi tí ẹ ń gbé ṣírò ìyàtọ̀ wọn, kí ẹ sì wo iye ọdún tí ìyàtọ̀ náà yóò fi san owó tí èyí tó wọ́n fi lé. Bí kò bá ju ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, èmi yóò ra èyí tó wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé e kọ́, ẹ bi òṣìṣẹ́ náà bóyá ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú páìpù dání. Bí kò bá mú un wá, ẹ ní kó padà lọ mú un kó tó tú gáàsì sínú páìpù.