Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Òpó Bàálù Alápá Méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi kí n má baà bú ẹnì kan. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé páìpù alumíníọ́mù tó ti bàjẹ́ wá bá mi lọ́dún yìí: "Ọ̀gá, ẹ bá wa tún un ṣe." Títún wo? Òpó tó wà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ bàálù kì í ṣe ẹsẹ̀ àga.

Ìkíní: ẹ má ra páìpù lọ́wọ́ àwọn onífèrèsé. Nọ́ńbà irú alumíníọ́mù ló wà níbẹ̀: 6063 ni tiwọn, 6061-T6 là ń wá; T6 ni pé wọ́n ti fi ààrò sọ ọ́ di líle. Ojú kan náà ni wọ́n ní, agbára wọn ò dọ́gba.

Ìkejì: ẹ má fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i, ó ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì fi ìṣó họ ọ́, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Máàkà wà.

Ìkẹta ni iná, ibi tí orí mi ti ń gbóná nìyí. Wọ́n ti gbọ́ pé páìpù róbótó ń fa bàálù sẹ́yìn tó bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó rí bí ẹja. Òótọ́ ni. Ni wọ́n bá gbé gáàsì, kí páìpù lè rọ̀, kí wọ́n lè fún un pẹlẹbẹ nínú fáìsì. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́. Alumíníọ́mù kì í pọ́n. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo dúró kó pọ́n. Ṣe ló já bọ́ sórí sálúbàtà mi bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ mi pé kí n fi ọṣẹ pa á lára: tí ọṣẹ bá ti dúdú, ó ti sún mọ́ 400°C, kí n gbé iná kúrò. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Iná tó mú un rọ̀ náà ló kó agbára rẹ̀ lọ. T6 tó ń gba nǹkan bíi 276 MPa (òṣùwọ̀n agbára ni) kó tó tẹ, tó bá ti rọ̀ tán, bíi 55 ló kù. Ìdá kan nínú márùn-ún! Ọmọkùnrin kan gbé òpó wá, ó ń dán, ó ti kùn ún ní búlúù. Mo gbé e lé bùlọ́ọ̀kù méjì, mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ kọrọdọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi kí mi. Kí agbára yẹn tó padà, ààrò tó gbóná dé 530°C ni, kí ẹ sọ ọ́ sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tún yan án ní 160°C fún wákàtí 18. Wọ́n sì ń bi mí bóyá ààrò oníbúrẹ́dì lè ṣe é.

Ẹ fi páìpù sílẹ̀ ní róbótó. Èyí tí ẹ bá fún pẹlẹbẹ, ibi tó ti tín-ín-rín ló máa gbà ká nígbà tí apá bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbẹ́ igi fífúyẹ́ bí ìrù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e. Ó parí.

Mélòó ni mo kà dé? Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún: ibi tó mú lára òpó tí ẹ fi igi sí yẹn kì í wà níwájú! Ẹ lọ wo ẹja ní Ẹ̀bútè, ṣé ìrù ló fi ń ṣíwájú? Ihò láàárín òpó: rárá. Bọ́ọ̀tì irin nínú alumíníọ́mù, pẹ̀lú atẹ́gùn ọ̀sà yìí, yóò jẹ ẹ́: ẹ fi pírámà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, pa ihò náà kí ẹ tó ti bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́.

Ọmọkùnrin búlúù yẹn tún wá lánàá. Páìpù tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan. Sìlíńdà gáàsì ló wà lọ́wọ́ kejì.