Ẹ Má Dí Ẹnu Fáàfù Tó Ń Kán: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń So Hítà Omi Mọ́lé

Bí ọyẹ́ bá ti dé Àkúrẹ́ báyìí, fóònù mi kì í sinmi. Èèyàn á ra hítà olówó ńlá, á gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n so, á tún wá pè mí kí n wá tú u. Owó ẹ̀ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan. Ó ń dùn mí.

Èkíní: ẹ má taná sí hítà tí omi ò tíì kún. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi á fi máa dà geere láìtutọ́, kí ẹ tó tẹ súwíìṣì.

Èkejì: páìpù PVC omi tútù kì í ṣe ti omi gbígbóná. Rírọ̀ ló máa rọ̀. PPR tàbí CPVC ni kí ẹ rà.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: fáàfù kékeré tó máa ń wà lójú ibi tí omi tútù ń gbà wọlé. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Bí omi líta 50 bá kúrò ní ìwọ̀n 20°C dé 60°C, èyí tó fi lé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi inú ìgò 75cl kan. Fáàfù yẹn kì í jẹ́ kí omi padà sínú táńkì òkè, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ni àlékún yẹn ń gbà jáde. Bó bá ń kán nígbà tí iná wà lára hítà, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe!

Mo dé ilé kan ní Alágbàká, wọ́n ti fi téèpù wé ìdérí, wọ́n sì ti fi dí ẹnu fáàfù náà pa. Ìyá onílé ní, "Ó ń da omi sí wa nílẹ̀ ni." Ìdí hítà ti wú bí ikùn àpò. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde." Mo pa bíréékà, a sì dúró níta títí ó fi tutù. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí.

Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ fáàfù náà sọnù. Èmi náà so ọ̀kan láìsí i nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, torí a ò rí i rà lọ́jọ́ náà. Táńkì òkè gbẹ, omi hítà fà padà, irin inú rẹ̀ tó ń mú omi gbóná sì jó. Owó mi ni mo fi san án.

Ògiri ńkọ́? Omi líta 50 jẹ́ kílò 50, ká má tíì ka irin. Ẹ má fi ìṣó kọ́ ọ sára búlọ́ọ̀kù oníhò. Wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè tó ń wọlẹ̀, ẹ má gé e.

Ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́nu fáàfù náà, kó máa kán sójú ihò omi balùwẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ gbé apá kékeré ara rẹ̀ sókè kí omi tú díẹ̀, kó má baà gan.