Ẹ̀yìn Ríro àti Ọrùn Dídùn Tí Kò Lọ Bọ̀rọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Iléṣà

Bí ẹ̀yìn bá ti ń ro èèyàn ju oṣù 3 lọ, ó ti kọjá àárẹ̀ oko. Níbí, jẹ̀díjẹ̀dí la kọ́kọ́ máa ń pè é, a ó sì máa mu àgbo lé àgbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín ná. Ẹni tó fi àdá ṣán oko kòkó láti àárọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ́ kòkó lọ́sàn-án, tó tún ru apẹ̀rẹ̀ wálé, ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀ ní ẹjọ́ í rò.

Ìdùbúlẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ 3 ni ìyá mi fi sùn sórí ẹní nítorí ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí wọ́n dìde, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́. Iṣan tí a kò lò ń rọ, oríkèé a sì gan. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí eré ìdárayá, wíwọ́ ara, àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí àwọn ará Ṣáínà máa ń gún sára. Wọn ò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, wọn ò sì fọwọ́ sí oògùn líle irú Tramadol tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n tó lọ oko.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún méjèèjì kí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró dáadáa lórí ẹní. Ẹ gbé ìdí sókè títí ara yóò fi gún láti èjìká dé orúnkún. Ẹ má sé èémí. Ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Fún ọrùn, ẹ jókòó, ẹ wo iwájú, kí ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé oògùn kíkorò sún mọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 20. Bó bá dùn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kò burú. Bí ìrora bá ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀, ẹ dá a dúró.

Omi gbígbóná àti wíwọ́ ara ń jẹ́ kí ara rọ̀ tó láti rìn. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò ìrìn. Ẹ ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ wò kí ẹ tó gbé e lé ìbàdí. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní láti ṣọ́ra, torí ara rẹ̀ lè má tètè mọ̀ pé omi ń bó òun. Òrí tàbí àdín dára (òrí ni èmi fẹ́ràn jù): kí ẹlòmíràn fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, kì í ṣe orí eegun. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ já ọrùn yín kó dún, ẹ kọ̀. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tàbí abẹ gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan ara yín.

Ẹ tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú. Agolo ìfinoògùn lítà 16, bó bá kún, ju kílò 16 lọ lẹ́yìn yín. Ẹ bu ún dé ìdajì. Ẹ fi èèkù gígùn sí ọkọ́. Ẹrù Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì.

Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà. Ẹ béèrè àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti wíwọ́ ara tọ́jú ìrora. Bí ibà àti rírù bá bá ẹ̀yìn ríro rìn, ẹ tètè lọ, torí ikọ́ ife a máa wọ eegun ẹ̀yìn. Bí abẹ́ àti ìdí bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ìtọ̀ bá há tàbí tí ẹ kò lè mú un dúró mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá ọkọ̀ lóru náà.