Bí a ṣe kó kádì aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, àti owó tí kò yẹ kó bá a lọ

Bíìlì ọdún kejì tí àwọn tó ta software fún wa fi ránṣẹ́ ló mú mi jókòó kọ èyí. Dọ́là ni wọ́n fi kọ owó ọdọọdún sínú àdéhùn, àwọn tó buwọ́ lù ú lọ́dọ̀ wa kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Iye inú ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n náírà tí a ó kó lé wọn lọ́wọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ilé ìwòsàn aládàáni ni tiwa, ẹ̀bá ọ̀nà Gbọ̀ngán níbí. Ìjọba kì í fún wa ní kọ́bọ̀. Owó àwọn ọlọ́jà Ìgbóǹà, àwọn aláró àti àwọn tíṣà la fi ń san owó oṣù. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé owó àkọ́kọ́ tí wọ́n ná kò ra nǹkan kan. Kí iṣẹ́ náà tó dé ọwọ́ mi, wọ́n ti dán an wò. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà wá láti Èkó, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àṣẹ jáde pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kádì mọ́. Kó tó di ọ̀sán, àwọn aláìsàn ti ń pariwo, fámásì kò mọ ẹni tó ti sanwó, dókítà méjì ń pe aláìsàn kan náà. Wọ́n ní ká padà sídìí kádì. Wọ́n fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, wọ́n sì sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni kò fẹ́ ìlọsíwájú.

Èmi ni mo ń bójú tó yàrá kádì. Iṣẹ́ tí mo lọ kọ́ nílé ìwé ni. Láti ọdún 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa tó ń tọ́jú ìwé aláìsàn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mo sì ní ìwé-àṣẹ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ra ohun tó máa rọ́pò kádì, kò sí ẹni tó rántí pe yàrá kádì. Ẹ̀yìn ìgbà tó dàrú ni wọ́n ní, “Màdáàmù, ẹ bá wa gbà á.”

Mánijà wa tẹ ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tí John Kotter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gbé jáde lọ́dún 1995 fún mi: kí àwọn èèyàn rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò gba ìdádúró, kí a kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń tà jọ, kí gbogbo ayé mọ ibi tí à ń lọ, títí dórí kí ìwà tuntun di àṣà ibi iṣẹ́. Ó dára, mo kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí Kurt Lewin, ọmọ Jámánì tó di ará Amẹ́ríkà, ti kọ láti ọdún 1947 ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní níbi iṣẹ́ yòówù, àwọn nǹkan kan ń ti ọ̀rọ̀ síwájú, àwọn kan sì ń fà á sẹ́yìn. Bí èèyàn bá kàn ń fi kún títì, wàhálà ló ń dá sílẹ̀. Ohun tó ń fà á sẹ́yìn ni kó wá kàn, kó tú u. Lọ́dọ̀ tiwa, títì ni wọ́n ti ń tì látọjọ́ yìí: lẹ́tà lónìí, ìhàlẹ̀ kúẹ́rì lọ́la. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó dì í mú.

Ti wáyà, ti ríra kọ̀ǹpútà, ti kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe máa tẹ̀ ẹ́, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó ń lo fóònù á kọ́ ọ. Inverter nìkan ni mo fẹ́ fẹnu bà, nítorí kò sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa, bẹ́ẹ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà fún yín láìsọ̀rọ̀ iná, ẹ ní kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Kádì fúnra rẹ̀ ló dá wa dúró. Mo gbé àga lọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, mo tẹ̀ lé kádì kan láti àárọ̀ títí tó fi padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, mo tún tẹ̀ lé òmíràn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà máa ń to kádì léra bí àwọn èèyàn ṣe dé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì mú wọlé, kì í pariwo, kì í bá ẹni tó ti ń dúró jiyàn. Á kàn gbé kádì ọmọ náà dábùú lórí gbogbo ìyókù. Dókítà á gbójú sókè, á rí kádì tó dábùú, òun ni á kọ́kọ́ pè. Bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ń ru, nọ́ọ̀sì á ṣẹ́ etí kádì lápá ọ̀tún. Akápò á fi píìnì kan rìsíìtì mọ́ ojú rẹ̀, fámásì kò sì ní bèèrè ohunkóhun mọ́. Bí rìsíìtì bá ti wà lójú kádì, oògùn á jáde. Bíró pupa ní igun ìsàlẹ̀, gbèsè nìyẹn.

Kò sí ibi tí wọ́n kọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ sí. Mètírọ́n tó fi kádì dídábùú kọ́ wọn ti fẹ̀yìn tì kí n tó débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é pàápàá, nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ kádì, wọ́n ní, “Mà, ibi tí dókítà ń kọ̀wé sí ni.” Kádì yẹn ló ń to èèyàn sórí ìlà, òun ló ń kéde pàjáwìrì, òun ló ń jẹ́rìí owó. Software tí wọ́n rà mọ orúkọ aláìsàn, ó mọ àìsàn, ó mọ oògùn. Kò mọ ta ló kàn. Ìdí tí Mọ́ńdè ọjọ́sí fi dàrú nìyẹn, kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì kankan kórìíra kọ̀ǹpútà.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní, “Mà, kò sí nínú ohun tí ẹ ní ká ṣe.” Mo ní kí ló dé tí ẹ ò wá wo bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní mánijà làwọn bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ìlà, pàjáwìrì, ẹ̀rí owó, mo fi fọ́tò kádì dídábùú sí i. Wọ́n dákẹ́. Mo tún pè, wọ́n ní kí n kún fọ́ọ̀mù kan. Mo kún un. Wọ́n wá fi iye ránṣẹ́: wọ́n dá owó lé ìlà lọ́tọ̀, wọ́n dá owó lé bọ́tìnì pàjáwìrì lọ́tọ̀, wọ́n dá owó lé kí orúkọ ẹni tó sanwó hàn lójú kọ̀ǹpútà fámásì, wọ́n sì gbé owó ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì lé e lórí. Ohun tí ilé ìwòsàn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ni wọ́n ń tà fún wa bí ẹni ta àfikún.

Nígbà tí ìlà náà máa dé, wọ́n to àwọn aláìsàn bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra. Ìyá àgbà kan tó ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, tó jẹ́ pé òun ló ṣí gbọ̀ngàn láàárọ̀, jókòó títí oòrùn fi kàn àtàrí, nítorí pé Yusuf lorúkọ ọkọ rẹ̀. Gbogbo Adébáyọ̀ àti Adéyẹmí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló ti gba oògùn lọ. Èmi ni mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n mú ìyókù owó àwọn èèyàn náà dání. Ìyẹn ló mú kí wọ́n máa pè mí. Owó tó kù lọ́wọ́ wa nìkan ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí: ẹ má san tán. Ẹ so ìpín tó gbẹ̀yìn mọ́ ọjọ́ kan tí àwọn aláìsàn bá wọlé, tí wọ́n rí dókítà, tí wọ́n sanwó, tí wọ́n gba oògùn, tí kò sí ẹni tó sá padà sídìí ìwé.

Kí wọ́n tó tún un ṣe, mi ò dúró dè wọ́n. Mo lọ bá àwọn tó ń tẹ páálí ní Ọláìyá, wọ́n bá mi gé páálí nọ́ńbà kéékèèké, funfun fún ìlà, pupa fún pàjáwìrì. Aláìsàn á mú nọ́ńbà dání, nọ́ọ̀sì á tẹ nọ́ńbà yẹn síwájú orúkọ rẹ̀. Akápò á gba funfun, á fún un ní àwọ̀ ewé, ewé ni fámásì ń wò. Kò wọ́n, kò nílò iná, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí bọ́tìnì wọn dé níkẹyìn, àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, àwọn fúnra wọn ló ń tọ́ka sí ibi tó kù sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ wa. Mi ò lè fi ìdùnnú ọjọ́ náà pamọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí wọn kì í sọ ní ìpàdé. Àwọn kan nínú yàrá kádì ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tètè bá òun wá kádì. Kọ̀ǹpútà máa pa ọ̀nà yẹn, wọ́n mọ̀, wọ́n sì tún ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ gan-an ló máa bọ́. Mánijà fẹ́ fi kúẹ́rì bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kí ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ buwọ́ lu lẹ́tà pé kò sí ẹni tí kọ̀ǹpútà máa lé lọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kádì, lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún wọn lójú kojú pé owó ẹ̀yìn ti parí. Bí lẹ́tà yẹn kò bá ṣáájú, kò sí ẹni tí ì bá gbọ́ ìkejì.

Bàbá tó pẹ́ jù níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kádì, ni mo fi ṣe olórí pípa kádì méjìméjì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú yìí mọ bó ṣe rí: obìnrin kan ṣoṣo á jẹ́ Sìkírátù lórí kádì tó fi bí àkọ́bí, á jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ lórí èyí tó gbà nígbà tí ti àkọ́kọ́ sọnù, á tún di Ìyá Ìbejì lórí ẹ̀kẹta. Kọ̀ǹpútà á ní èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá á wò ó, á ní, “Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni, àbúrò rẹ̀ ló ń ta ẹja,” a ó sì pè é láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìwé lásán. A rí ẹni tí wọ́n kọ pẹnisílínì pé ó ń bá a jà sórí kádì kan, tí èkejì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èkejì ni wọ́n gbé síwájú dókítà lóru, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Iṣẹ́ yẹn lọ́ra, àwọn aláṣẹ ń kánjú, mo sì kọ̀ jálẹ̀ pé a ò ní kó ìdọ̀tí sórí ẹ̀rọ.

Wọ́n fẹ́ ká ṣí i fún gbogbo ilé ìwòsàn ní oṣù Kẹjọ. Mo ní kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà. Oṣù ọdún Ọ̀ṣun nìyẹn, àlejò kún ìlú, ọjọ́ tí Arugbá bá jáde ọkọ̀ kì í rọrùn rí kọjá nítòsí Ọjà Ọba, ìdajì òṣìṣẹ́ á sì pẹ́ dé. Ọ̀dọ̀ àwọn aboyún la ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń wá, a sì mọ iye wọn ṣáájú. Wọ́ọ̀dù tẹ̀ lé e. Pàjáwìrì la gbà kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ password bí mi nínú díẹ̀. Mo rí i pé password nọ́ọ̀sì kan ni gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ń lò. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ní kí ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì tún wà lórí rẹ̀. Mo jẹ́ kí oníkálukú ní tirẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi kún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ara rẹ̀ pa bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn gan-an ló ń mú wọn yá ara wọn ní password.

Ní ti bíìlì, mo fi ìwé han ọ̀gá àgbà, àwọn èèyàn náà sì ti gbà pé náírà ni a ó máa fi san láti ọdún tó ń bọ̀. Ti ọdún yìí ṣì wà nílẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí a bá yapa, wọ́n á kó gbogbo àkọsílẹ̀ aláìsàn wa fún wa bí ẹ̀rọ mìíràn á ṣe lè kà á, láìgba owó. Wọ́n ń fà á. Bí wọn kò bá kọ ọ́, mi ò ní buwọ́ lù ú.

Lábù ló kù. Ìwé gbàǹgbà ni wọ́n ṣì ń kọ èsì sí, wọ́n á tún wá dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Mánijà ti ń wá ẹni tó máa ta ẹ̀rọ fún wọn. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó mú sùúrù. Láàárọ̀ àná, mo rí i tí ọ̀gá lábù fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ èsì kan, ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, mo sì ti bi í pé kí ló dé. Ó ní tí àwọn aláìsàn bá dín kù ní ọ̀sán Fúráìdè, òun á jókòó, òun á ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.