Ìka Tó Ń Ká Kò àti Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí ní Jámánì

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tó wà ní Jámánì, àti ẹ̀yin tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán.

Kókó kan ló kọ́kọ́ yọ ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi. Mo rò pé ẹrù tí mò ń gbé níbi iṣẹ́ ló fà á. Nígbà tó yá, ó le bí okùn lábẹ́ awọ, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú. Tí mo bá ń bọ́jú láàárọ̀, ìka náà á gún mi lójú. Dupuytren ni wọ́n ń pè é. Ó wọ́pọ̀ lára òyìnbó ju àwa lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì: tí kò bá lè lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi láti na ìka náà, ètò rẹ̀ kò sì le. Dókítà àdúgbò á kọ Einweisung, ìwé tó ń rán yín lọ sí ọsibítù, fún yín, ẹ mú káàdì Krankenkasse, ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, dání. 10 yúrò lójúmọ́ lẹ máa san fún ọjọ́ tí ẹ bá fi wà ní ọsibítù, kò sì kọjá ọjọ́ 28 lọ́dún. Lẹ́yìn abẹ, ẹ máa na ìka yẹn bí wọ́n bá ṣe kọ́ yín, kó má baà tún ká.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ gba bẹ́ẹ̀dì, akọ̀wé kó ìwé jọ síwájú mi. Nílé, ẹ mọ̀ ọ́n: owó káàdì, owó ìbọ̀wọ́, ẹ ó ti san án kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn yín. Níbí, wọn ò béèrè kọ́bọ̀, ọkàn mi bá balẹ̀. Wọ́n kọ Wahlleistungsvereinbarung, ìyẹn àdéhùn ìtọ́jú àfikún tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn, sókè ọ̀kan nínú ìwé náà, wọ́n sì ti fi báírò fa X sí àpótí kékeré kan. Obìnrin náà nàka sí ìlà, mo buwọ́ lù ú. N kò kà á! N kò fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà yìí ń yọ àwọn lẹ́nu.

Àṣé mo ti gbà kí ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀ ṣe é, kí n sì san án lápò ara mi. Kì í sì í ṣe ọ̀gá nìkan. Ẹni tó kùn mí lóorun, àwọn ẹ́síréè, àwọn láàbù, kálukú fi bíìlì tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú àpòòwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Krankenkasse ní kò kan àwọn. Oṣù 14 ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹnikẹ́ni ò lè torí pé ẹ ò fọwọ́ sí ìwé yẹn kọ̀ láti tọ́jú yín. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á ṣe é, Krankenkasse á san. Ẹ má tijú láti ní kí wọ́n dúró. Ṣé ìtìjú ló máa bá yín san gbèsè?

Lóṣù kẹjọ tí mo wá sílé fún ọdún Ọ̀ṣun, mo jókòó ní Òkè-Fìà nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò pè mí láti ọsibítù lọ́hùn-ún. "Bọ̀dá, wọ́n ní kí n tètè fọwọ́ sí i." Mo ní kó kọjú fóònù sí ìwé. Mo rí Chefarzt, ìyẹn ọ̀gá dókítà, mo rí X tí wọ́n ti fà sílẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde láti ilé ìdáná. Ọmọ náà dá ìwé padà láìfọwọ́ sí i. Akọ̀wé gbà á, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ.