Bí mo ṣe fi ẹ̀rọ wá trọ́lì wa káàkiri Deptford

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní ni máníjà wa ní kí n lọ ka trọ́lì, agbọ̀n onítáyà tí oníbàárà ń kó ọjà sí. Mo ka tiwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ka ti ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo tún padà kà á bí ẹni ń ka owó tí kò pé. 220 ló yẹ kó wà. 171 ni mo rí. Iṣẹ́ trọ́lì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì yìí, ní Deptford tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn London, ọdún keje mi rèé. Ẹnikẹ́ni ò ní láti sọ fún mi pé ṣe ni wọ́n ń bá àwọn èèyàn relé.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kọ́ìnì pọ́n-ùn kan tí à ń tì bọ ẹnu trọ́lì, tí à ń gbà padà bí a bá dá trọ́lì padà, ti tó láti mú un padà wálé. Kò tó rárá. Lọ́dún 2017 tí wọ́n kó pọ́n-ùn roboto kúrò nílẹ̀, tí èyí tó ní igun méjìlá rọ́pò rẹ̀, wàhálà ojú kọ́kọ́rọ́ trọ́lì kò kéré. Ní báyìí, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń tì bọ̀ ọ́, owó ò tilẹ̀ jáde lápò wọn.

Wáyà tí wọ́n máa ń rì sínú ilẹ̀ yí ọgbà ká tún wà. Bí trọ́lì bá ti gorí rẹ̀, táyà kan á gan pa. A ò lè gbẹ́ tiwa, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ dùn mí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, mo rí aboyún kan tí trọ́lì gan mọ́ lọ́wọ́ nínú òjò, tí kò tíì dé ẹnu géètì.

Ẹ̀rọ 40 tó ń sọ ibi tí trọ́lì wà ni wọ́n kó fún mi pé kí n fi dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ilé ìṣáná lọ. GPS wà nínú rẹ̀ tó ń gba àmì lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, síìmù wà níbẹ̀ tó fi ń ránṣẹ́, Bluetooth tó ń bá ẹ̀rọ tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ náà wà. Bí trọ́lì bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ á sùn kí bátìrì má baà tán. Bí wọ́n bá tì í, á jí, á sì máa sọ ibi tó wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ọjọ́ kìíní, mo ṣe é, mo bà á jẹ́. Abẹ́ agbọ̀n ni mo dè wọ́n mọ́ kí ojú má baà tó wọn. Ilẹ̀ mọ́, máàpù gbé trọ́lì kan sáàárín odò Thames, ó gbé òmíràn sórí ilé. Irin ló fa á: irin lókè, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ náà ò rí ojú ọ̀run. Mo tú gbogbo ogójì. Òtútù ti mú ìka mi le, síkúrù ń já bọ́ lọ́wọ́ mi, mò ń fi iná fóònù wá a nílẹ̀. Abẹ́ ọwọ́ trọ́lì, apá tó jẹ́ ike, ni mo wá fi wọ́n sí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Síbẹ̀, bí a bá ti ti trọ́lì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bọ inú ara wọn lábẹ́ òrùlé, GPS tún ń dákẹ́. Ibẹ̀ ni Bluetooth ti wúlò. Mo gbé ẹ̀rọ kan kọ́ sára òpó tó ń gbọ́ ohùn wọn, ó sì ń sọ iye tó wà nílé fún mi láì jẹ́ pé mo jáde sójò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mọ́kànlá ò sí nílé. Mo rò pé wọ́n á fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ. Rárá o. Mẹ́sàn-án nínú wọn jókòó síbì kan náà, ẹ̀yìn ilé gogoro kan, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí.

Mo rìn lọ. Bí mo ṣe ń fa ìkejì jáde ni màmá kan tó wé gèlè dúró wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé Yorùbá ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ káàsán mà. Ṣọ́ọ̀bù ló ní kí n wá kó wọn."

"Máa kó o lọ jàre. Èmi ni mo gbé ìyẹn wá. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n gbé ìrẹsì pọ̀ mọ́ iṣu." Ó tẹjú mọ́ abẹ́ ọwọ́ trọ́lì náà. "Kí ni dúdú yẹn? Ṣé ẹ ti ń ṣọ́ mi ni?"

Mo dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó rí i. "Kò mọ̀ yín mà. Kò ní kámẹ́rà, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Trọ́lì nìkan ló mọ̀."

"Háà. Ó kúkú mọ ilé mi."

Mi ò rí èsì fọ̀ fún màmá. Nígbà tí mo padà, mo ní kí máníjà bá mi ní kí wọ́n máa pa ọ̀nà tí trọ́lì tọ̀ rẹ́, ibi tó gúnlẹ̀ sí nìkan la nílò. Ó gbà. A tún fẹnu kò pé ọkọ̀ wa á máa yà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Màmá ń bá wa tò wọ́n báyìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ìkẹwàá ti wọ Deptford Creek, níbi tí odò Ravensbourne ti ń ṣàn wọ Thames. Orí afárá ló ti ránṣẹ́ kẹ́yìn lóru, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ohùn rẹ̀ kì í la omi kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ibẹ̀ ń kún tó sì ń fà, mo sì lọ nígbà tó fà. Ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n nìkan ló yọ nínú ẹrẹ̀, ewé omi lọ́ mọ́ ọn, akàn kékeré kan ń rìn nínú rẹ̀ bí oníbàárà. Àwọn mẹ́ta míì tó ti pẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò wọ ẹrẹ̀ yẹn o, mo pe àwọn tó ní irinṣẹ́. Òfin àyíká ti 1990 fún káńsù lágbára láti kó trọ́lì tí a pa tì, kí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó sì sàn ká ṣáájú wọn débẹ̀.

Ìkọkànlá ló fẹ́ mú mi ya wèrè. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ló ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo ti ń sọ fún máníjà pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta, mo wọ yàrá ẹrù lọ mú bébà, mo sì bá a níbẹ̀, abẹ́ òrùlé irin, igi Kérésì mẹ́rin àti iná wọn kún inú rẹ̀. Mo kó igi sílẹ̀, mo tì í jáde.