Ríléè Tó Pa Píìnì 8

Táǹkì omi ilé tí mò ń gbé ní Àpáta ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá tan pọ́ǹpù á gbàgbé, omi á kún, á máa ya sára ògiri, ìyá onílé á wá fi ariwo jí gbogbo wa. Mo bá ní kí n fi Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, ṣe nǹkan tí yóò máa fọn fèrè bí omi bá ti dé ọrùn táǹkì. Bátìrì 12V ni fèrè náà ń lò, Uno ò lè tàn án fúnra rẹ̀, ni mo fi ra ríléè kékeré aláwọ̀ búlúù kan ní Ògùnpa, oní-5V. Súìṣì ni ríléè: iná kékeré ló fi ń tan iná ńlá.

Mo so ríléè mọ́ píìnì 8 tààrà, ọ̀kan lára àwọn ihò tí Uno ń gbà fi iná jáde. Ó dún tá, fèrè ké, orí mi wú. Lọ́jọ́ kẹrin, omi ya, fèrè ò sọ̀rọ̀. Mo tú ríléè kúrò, mo fi LED (gílóòbù kékeré) àti rẹsísítọ̀ 220 Ω (ohm) tó ń dín iná kù dán píìnì 8 wò: òkùnkùn. Mo sún un sí píìnì 9, ó tàn yòò.

Mo gbé ẹrù mi lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò. Wọn ò tiẹ̀ wo bọ́ọ̀dù. Wọ́n fi mítà kan ẹsẹ̀ kọ́ìlì ríléè, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká sínú rẹ̀, mítà kọ 70 Ω.

“Àbúrò, fi 70 pín 5.”

Nǹkan bíi 71 mA (mílíámpù), ìwọ̀n iná tí ríléè ń fà.

“Mélòó ni píìnì rẹ lè gbé?”

Mo dákẹ́. Mi ò wò ó rí.

Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ATmega328P, ọpọlọ Uno. 40 mA ni wọ́n kọ fún píìnì kan, àmọ́ ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń bá ṣiṣẹ́. 20 mA ni kéèyàn mọ sí. Odindi ṣíìpù náà ò sì gbọ́dọ̀ ju 200 mA lọ. Uno R4, ẹ̀yà Uno tó jáde ní 2023, tún jẹ́ ẹlẹgẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: 8 mA péré ni píìnì rẹ̀ ń gbà! LED pẹ̀lú 220 Ω tí mo fi dán tèmi wò ń fa bíi 14 mA, ìyẹn ti pọ̀ jù fún R4. 470 Ω ni ì bá dáa fún un.

Bọ̀dá ní kí n fi tíránsísítọ̀ 2N2222 sáàárín: iná kékeré ló fi ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, base, emitter àti collector. Láti píìnì 9, rẹsísítọ̀ 1 kΩ wọ base. Emitter lọ sí GND, ẹsẹ̀ òdì iná bọ́ọ̀dù. Ríléè wà láàárín 5V àti collector. Ohun tí píìnì ń fúnni báyìí ò ju bíi 4 mA lọ, tíránsísítọ̀ ló ń ru ẹrù tó kù. Dáóòdù 1N4007, tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, tún gbọ́dọ̀ gun kọ́ìlì lórí, láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì, torí bí a bá pa ríléè, iná inú kọ́ìlì máa ń ta padà, ó sì lè pa tíránsísítọ̀. Ìlà funfun ara dáóòdù ni kó kọjú sí 5V. Mo kọ́kọ́ yí tèmi sódì: ríléè ò dún, tíránsísítọ̀ gbóná débi pé ó jó mi níka.

Mo yí i padà, ó ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀dù yẹn náà ni mo ṣì ń lò. Mo gé bébà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ bo píìnì 8, mo kọ “ÒKÚ” sí i.